Aago méjì ọ̀sán ni kí ẹ lọ wo ibẹ̀

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi gbé ọmọ ọlọ́mọ pọ̀n ní kírẹ́ẹ̀ṣì kan ní Kubwa, l'Abuja, kí orúnkún mi tó ní kí n lọ jókòó sílé. Àárọ̀ ni àwọn òbí máa ń wá wo ibi tí wọn yóò fi ọmọ sí. Láàárọ̀, a ti fi Izal nu ilẹ̀, màdáàmù tó ni ibẹ̀ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n á wo àwòrán ara ògiri, wọ́n á béèrè iye owó, wọ́n á sì sáré lọ kí ọ̀nà Secretariat tó dí.

Aago méjì ọ̀sán ni kí ẹ lọ, ẹ má sì fi tó wọn létí. Nígbà yẹn, àwọn ọmọ ti jẹun, ó ti rẹ àwọn olùtọ́jú, màdáàmù ti jáde, iná ti lọ. Ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bó bá wà nítòsí fèrèsé yàrá tí wọ́n ń sùn, ẹ máa lọ sílé yín, ẹ má béèrè nǹkan mìíràn mọ́. Èyí tó ń pani nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn rárá, ọmọ tó sì ti sùn kò ní ké.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka iye ọmọ. Ìṣirò tèmi kò le: bí iná bá sọ, olùtọ́jú kan lè pọn ọ̀kan, kó gbá méjì mọ́ra. Ẹ̀kẹrin ńkọ́? Bí ẹ bá bá ọmọ ọwọ́ mẹ́fà lọ́wọ́ obìnrin kan ṣoṣo, ẹ bi í léèrè ẹni tí yóò bá a gbé àwọn tó kù. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tẹ́ wọn: ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ̀yìn ló yẹ kó fi lélẹ̀ sùn, láìsí ìrọ̀rí, láìsí aṣọ ńlá nítòsí imú rẹ̀. Bí gbogbo wọn bá sì sùn fọnfọn, tí ariwo ilẹ̀kùn kò jí ẹyọ kan, kí ara fu yín. Mo mọ ibì kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, tí wọ́n ti ń rọ oògùn ikọ́ sí ọmọ lẹ́nu kí olùtọ́jú lè ráyè jẹun. Bí ojú ọmọ bá ń ṣe bàìbàì lójoojúmọ́ tí ẹ bá lọ mú un, ẹ béèrè ohun tó mu.

Ọ̀rọ̀ ọmú ló gba àròjinlẹ̀ jù. Ọ̀sẹ̀ 16 ni ìsinmi ìbímọ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, oṣù 6 ló sì yẹ kí ọmọ fi mu ọmú nìkan. Láàárín méjèèjì, inú fídà ni ọmú máa gbé. Èyí tí ẹ fún sílẹ̀ lè wà níta fún wákàtí 4 nínú yàrá tó tutù, ọjọ́ 4 nínú fíríìjì. Èyí tí ọmọ bá mu kù, wákàtí 2, kí wọ́n dà á nù. Ṣùgbọ́n yàrá wo ló tutù ní Abuja nínú oṣù Kẹta? Ẹ béèrè pé, "Bí iná bá lọ láti àárọ̀, inú kí lẹ ń kó o sí?" Bí wọ́n bá fi kúlà àti yìnyín hàn yín, ó dáa. Bí wọ́n bá ní iná kì í lọ ládùúgbò àwọn, irọ́ ni. Ẹ kọ orúkọ ọmọ àti aago tí ẹ fún ọmú náà sára fídà.

Ti omi mímu, pé kí wọ́n má fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ẹ fi ẹnu sọ ọ́, ìwé nìkan kò tó. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, ooru mú, ọmọ oṣù mẹ́rin ń ké, mo bá fi ṣíbí kékeré kán omi sí i lẹ́nu bí ìyá mi ti ṣe fún wa. Ìyá ọmọ wọlé, ó bá ṣíbí lọ́wọ́ mi. Kò pariwo. Ó jókòó tì mí lórí ẹní, ó ní, "Màmá, ọmú tí mo fún sílẹ̀ yẹn, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀." Ojú tì mí. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi rí.

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé kí ẹ má gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná wá, gbogbo yín lẹ sì buwọ́ lù ú. A mọ ẹni tó fún ọmọ ní parasitamọ́ọ̀lù láago mẹ́fà àárọ̀ o, torí bó bá di aago mọ́kànlá, ara á tún gbóná. Ẹ béèrè ẹni tí wọn yóò pè, ilé ìwòsàn tí wọn yóò gbé e lọ bí ẹ kò bá gbé fóònù, àti owó ta ni wọn yóò fi wọ kẹ̀kẹ́. Kí wọ́n má fún un lóògùn kankan àyàfi èyí tí ẹ bá kọ ìwọ̀n àti aago rẹ̀ sílẹ̀. Bí wọn kò bá sì béèrè káàdì àjẹsára ọmọ yín, ẹ mọ̀ pé wọn kò béèrè ti ọmọ tó sùn tì í. Ìhà Àríwá la wà: tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti le, àrùn yírùnyírùn (meningitis), tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau, kì í fi yàrá tó há, tí fèrèsé rẹ̀ tì, sílẹ̀.

Owó ìtanràn ẹni tó bá pẹ́ mú ọmọ, ẹ béèrè rẹ̀ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bi yín. Ẹ fi orúkọ àti fọ́tò àwọn tó lè wá mú ọmọ sílẹ̀. Ọkùnrin kan wá rí, ó ní àbúrò ìyá ọmọ lòun. Ọmọ tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí i. A ò gbé e fún un títí a fi bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Òun ló rán an lóòótọ́, ó sì bú wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú wọn.

Ìyá kan tún sọ fún mi pé ọmọ òun ń ké "ruwa, ruwa" lóru, òun sì rò pé àlá ló ń lá. Òùngbẹ ló ń gbẹ ọmọ, omi ni Hausa ń pè ní ruwa. Hausa ni olùtọ́jú tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń sọ sí wọn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Kí ẹ tó jáde níbẹ̀ láago méjì yẹn, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń pe omi, oúnjẹ àti ìgbẹ́.