Bí Mo Ṣe Yan Áńkọ̀ Orí Òrùlé fún Àwọn Ọmọ Iṣẹ́ Wa

Iṣẹ́ sólà ni a gbà nílé ìyá kan ní Ìbàdàn, ilé ilẹ̀ tí wọ́n fi páànù alumíníọ̀mù bò. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ló máa gun òkè lọ de páńẹ́ẹ̀lì, èmi ni mo sì máa sọ pé ó yá tàbí kò tíì yá. Hánẹ́ẹ̀sì, ìyẹn bẹ́líìtì ààbò tí wọ́n ń wọ̀ sára, wà lọ́wọ́ wa. Ibi tí a máa so okùn rẹ̀ mọ́, tí à ń pè ní áńkọ̀, ni ọ̀rọ̀ wà, torí hánẹ́ẹ̀sì tí kò síbi tí wọ́n so ó mọ́, ẹ̀wù lásán ni.

Inú àjà ni mo ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú ọjà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ ra irin áńkọ̀ kí wọ́n tó wá ibi tí wọ́n máa kàn án mọ́. Bẹ́ẹ̀, igi tó wà lábẹ́ irin ló ń gbé èèyàn ró. Mo bẹ bàbá káfíńtà tó kan òrùlé náà, wọ́n sì bá mi wọ àjà, àwa àti tọ́ọ̀ṣì. Mo ń fi ẹnu ṣíṣẹ́lì gún igi lọ́kọ̀ọ̀kan. Igi tó bá ti jẹ́ kí irin wọlé wẹ́rẹ́, ikán ti jẹ inú rẹ̀, bó ti wù kí ẹ̀yìn rẹ̀ dán tó.

"Ẹnjiníà, apá ni mo fi ṣe àwọn igi ńlá yìí," ni bàbá wí. "Arère ni ti òkè tí páànù jókòó lé."

Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan tó mi gbọ́. Igi arère tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n to sábẹ́ páànù lè gbé páànù, ó lè gbé ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá já bọ́ tí okùn sì fà á lójijì, ìṣó tó dè é lè fà yọ. Igi apá tó ru gbogbo òrùlé ni áńkọ̀ gbọ́dọ̀ di mú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ ní kí a so okùn mọ́ irin tó gbé tánkì omi lẹ́yìnkùlé. Mi ò gbà. Ẹrù tó ń tẹ̀ ẹ́ láti òkè ni wọ́n ṣe irin yẹn fún, kì í ṣe ẹni tó ń fà á láti ẹ̀gbẹ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ iye agbára tí à ń wí. Bí èèyàn bá já bọ́, àpò kékeré tó wà lára láńyáàdì, okùn tó so hánẹ́ẹ̀sì mọ́ áńkọ̀, máa ń ya díẹ̀díẹ̀ kí agbára tí okùn fi fà á lè rọlẹ̀. Ìlànà Yúróòpù ní kí agbára yẹn má kọjá kN 6 (kN ni wọ́n fi ń wọn agbára ìfà), ìyẹn bí ìgbà tí ẹrù bíi kílò 600 bá rọ̀ mọ́ okùn. Ìdí nìyẹn tí EN 795, ìlànà Yúróòpù lórí áńkọ̀, fi ní kí áńkọ̀ tí wọ́n kàn mọ́ ilé gba kN 12 láìjá. Ti Amẹ́ríkà le jù bẹ́ẹ̀ lọ: agbára 5,000 pọ́ùn, bíi kN 22, fún òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo, àyàfi bí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ bá ṣe ìṣirò rẹ̀ tó sì fi agbára ìlọ́po méjì sí i. Wẹ́dà àdúgbò lè jó ìkọ́ fún wa lówó pọ́ọ́kú, iṣẹ́ rẹ̀ sì lè dára, ṣùgbọ́n ta ló dán an wò? Èyí tí wọ́n tẹ EN 795 sí lára, tí ìwé ìlò wà nínú páálí rẹ̀, ni mo rà. Mi ò wo irú tó jẹ́ irin wúwo tí wọ́n kàn ń gbé kalẹ̀ rárá, nítorí orí òrùlé pẹrẹsẹ nìkan ni wọ́n ṣe é fún.

Ohun tó gbà mí lákòókò jù ni gíga ilé. Àwọn kan rò pé ilé ilẹ̀ kò léwu. Ẹ bá mi kà á: láńyáàdì mítà 2, àpò rẹ̀ lè nà tó mítà 1.75, láti ẹ̀yìn hánẹ́ẹ̀sì dé àtẹ́lẹsẹ̀ tó mítà 1.5, ká fi mítà 1 kún un kí ẹsẹ̀ má baà kan ilẹ̀. Ó di mítà 6.25. Etí òrùlé ìyá yìí kò ju mítà 3 sílẹ̀ lọ! Kí okùn tó gba ọmọ olọ́mọ mú, ó ti balẹ̀. Nítorí náà mo pinnu pé okùn tí kò ní jẹ́ kí wọ́n dé etí òrùlé rárá la máa lò.

Láti góńgó òrùlé dé etí jẹ́ mítà 6. Mo gé okùn sí mítà 4 láti áńkọ̀ tó máa wà ní góńgó dé ẹ̀yìn ọmọ iṣẹ́, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má dé etí bó tilẹ̀ na gbalaja. Ṣùgbọ́n okùn kò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn ṣe ń jẹ koríko yíká ni ẹni tó wà lórí òrùlé ṣe ń yí. Áńkọ̀ tó bá sún mọ́ ìparí ilé máa jẹ́ kó ré bọ́ láti ẹ̀gbẹ́. Mo fi mítà 6 sílẹ̀ ní ìparí méjèèjì, mo sì to áńkọ̀ mẹ́ta sáàárín, ẹnì kọ̀ọ̀kan àti tirẹ̀, níbi tí igi apá wà gan-an.

"Ọmọ mi, ẹ má jẹ́ kí òjò wọlé o," ni ìyá ń tẹnu mọ́. Wọn kò jayò pa. Abẹ́ páànù tó bo góńgó la de áńkọ̀ sí, òrùka rẹ̀ nìkan ló yọ síta; a fi rọ́bà àti sílíkónì dí gbogbo ihò. Gbogbo bóòtù tí ìwé ìlò kà la fi sí i, a ò yọ ẹyọ kan. Inú àjà la ti fi bẹ́líìtì wé igi ńlá kí a tó ti okùn rẹ̀ síta, kí ẹni tó kọ́kọ́ gòkè lọ de àwọn áńkọ̀ má baà wà láìsí ààbò.

Àwọn áńkọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀. Mo kọ déètì sí ẹ̀gbẹ́ mítà iná, mo sì sọ fún ìyá pé lọ́dọọdún ni kí wọ́n máa pe ẹni tó mọṣẹ́ láti yẹ̀ wọ́n wò. Bí ọ̀kan bá ti gba ẹni tó já bọ́ mú, kí ẹnikẹ́ni má so okùn mọ́ ọn mọ́ títí wọ́n á fi pààrọ̀ rẹ̀, àti àwọn ọmọ tó ń wá de díìṣì DSTV pàápàá.