Ojúlówó Tàbí Ayédèrú: Bí A Ṣe Ń Yan Atomizer Tí A Ń Fọwọ́ Ara Ẹni Wé Wáyà Sí

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2025 tí òfin ti fi òpin sí títa vape àlòdànù ní Bírítéènì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ń fa vape níbí ti yíjú sí èyí tí a ń tún lò, àwọn tí ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ lára jù ti dé ìdí atomizer, apá vape tó ń sọ omi di èéfín, irú èyí tí ẹni tó ni ín máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ wé wáyà sí, tí yóò sì ki òwú bọ inú rẹ̀. Ohun tó fà wọ́n dé ibẹ̀ kò ṣókùnkùn: róòlù wáyà kan àti àpò òwú kan máa ń pẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn fún oṣù púpọ̀, nígbà tí kọ́ìlì, ìyẹn wáyà wíwé tó ń gbóná, tí a ń rà ní ṣọ́ọ̀bù kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ. Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà ni ìdí ọjà. Kayfun, ọ̀kan nínú irú atomizer bẹ́ẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ SvoëMesto ń ṣe ní Jámánì, tó nǹkan bí 100 pọ́n-ùn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ayédèrú tó jọ ọ́ bí ẹni pé ìbejì ni wọ́n ń lọ ní 15 sí 25 pọ́n-ùn. Mo ti tún èyí tí àwọn ẹlòmíràn bàjẹ́ ṣe tó láti mọ̀ pé kì í ṣe owó nìkan ló yẹ kí ó pinnu ọ̀rọ̀ náà.

Ẹni tí kò bá fa sìgá tàbí vape rí kò ní ohun tó ń wá nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé nikotíìnì máa ń di bárakú, omi vape tó ní nikotíìnì sì jẹ́ májèlé fún ọmọdé tó bá gbé e mu, nítorí náà ibi gíga tó ní kọ́kọ́rọ́ ni ti tèmi ń gbé.

Kí ẹ tó wo iye owó rárá, ẹ kọ́kọ́ wo mod, ìyẹn apá tí bátìrì ń wà, tí ẹ máa gbé atomizer náà lé lórí. Mod tó ní ẹ̀rọ ìṣàkóso nínú máa ń ka óòmù kọ́ìlì, ìyẹn bí wáyà náà ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó, tí iná bá sì fẹ́ bíríìjì, yóò kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Mech mod kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Páìpù irin lásán ni, bátìrì wà nínú rẹ̀, kò sì sí ohunkóhun láàárín bátìrì àti atomizer ju bọ́tìnnì lọ. Ẹni tó bá ń lo mech mod kò gbọdọ̀ ra ayédèrú, ì báà jẹ́ pé wọ́n fi ta á lọ́rẹ. Mi ò ní àyè fún àríyànjiyàn lórí èyí, ìdí rẹ̀ yóò sì hàn tí a bá dé orí pínnì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí ó yé yín pé oríṣi mẹ́ta ló wà lọ́jà, kì í ṣe méjì. Ojúlówó olówó ńlá wà, ayédèrú rẹ̀ wà, ojúlówó olówó pọ́ọ́kú náà sì wà, èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Geekvape, Vandy Vape àti Innokin ń ṣe lórúkọ ara wọn. Zeus ti Geekvape, Berserker ti Vandy Vape àti Ares ti Innokin kì í sábà ju 35 pọ́n-ùn lọ, ẹni tó ṣe wọ́n kò sì sá pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tó bá bi mí léèrè pé èwo ni kí òun rà láàárín Kayfun àti ayédèrú Kayfun, mẹ́jọ ni mo máa ń sọ fún pé kí wọ́n fi méjèèjì sílẹ̀, kí wọ́n mú ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi “Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe é” ṣe ẹ̀rí pé ọjà kan jẹ́ ayédèrú, nítorí pé Shenzhen ni ojúlówó púpọ̀ àti ayédèrú púpọ̀ ti ń jáde, nígbà mìíràn ní àdúgbò kan náà.

Kí wá ni ènìyàn ń san 100 pọ́n-ùn fún? Ó ń sanwó fún irin tí wọ́n gé dáadáa débi pé kò gún ọwọ́, kò sì há tí a bá ń yí i. Fún rọ́bà àti síkúrù ìpààrọ̀ tí ènìyàn lè rà lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Àti fún ọjà tí ẹlòmíràn ṣì máa rà lọ́wọ́ yín tí ẹ bá fẹ́ tà á. Ẹni tó ra ayédèrú ń ra àpẹẹrẹ iṣẹ́ ọpọlọ ẹlòmíràn láìjẹ́ pé kọ́bọ̀ kan dé ọ̀dọ̀ ẹni náà, tí ó bá sì jẹ́ pé orúkọ àti àmì ilé-iṣẹ́ ojúlówó ni wọ́n tẹ̀ sí i lára, àwọn aṣọ́bodè lè gbẹ́sẹ̀ lé e kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Síbẹ̀, mi ò ní purọ́: mo ní ayédèrú méjì nílé tó ń fún mi ní adùn kan náà bí ojúlówó. Adùn kọ́ ni ìṣòro wọn.

Tí ọjà bá ti dé ọwọ́, ẹ wo nọ́ḿbà tí wọ́n fín sí i lára, ẹ sì fi èékánná họ ibi tí kóòdù wà lára páálí, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ojú ìwé ilé-iṣẹ́ náà tí wọ́n bá pèsè irú ìyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Nọ́ḿbà ara rẹ̀ nìkan kò tó, torí pé àwọn tó ń ṣe ayédèrú máa ń fín nọ́ḿbà ẹyọ kan sí gbogbo ọjà wọn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì gbé tiwọn wá lọ́jọ́ kan náà, nọ́ḿbà wọn kò fi ibì kankan yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó tà á fún wọn ti búra pé ojúlówó ni. Ẹ tún wo bí tánkì, ibi tí omi vape ń wà, ṣe tó: òfin ilẹ̀ Bírítéènì kò fàyè gba kí tánkì tí wọ́n ń tà gba ju mílílítà 2 lọ, nítorí náà tí ẹ bá rí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta èyí tó gba 5 bí ó ṣe wà, ẹ bi í léèrè ibi tó ti rà á. Ẹ tú gbogbo síkúrù, kí ẹ sì dá wọn padà. Síkúrùdíráfà kékeré tí àwọn onígíláàsì ojú fi ń ṣiṣẹ́ ni mo máa ń lò, èyí tó bá wà nínú páálí ayédèrú ẹ jù ú nù, torí pé òun gan-an ló máa ń jẹ orí síkúrù.

Ìdí atomizer ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ ni mo sì ti máa ń rí àṣìṣe àwọn ènìyàn. Ẹnu tí gbogbo atomizer wọ̀nyí fi ń wọ mod ni a ń pè ní 510, orúkọ tó gbà láti ara sìgá ẹ̀rọ kan tí ilé-iṣẹ́ Joye ṣe. Pínnì tó wà láàárín rẹ̀ ni pọ́sítíìfù, ara irin tó yí i ká ni nẹ́gẹ́tíìfù, òrùka ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló sì dúró láàárín wọn kí wọ́n má bàa pàdé. Nínú ojúlówó, ike tí ooru kò tètè mú ni wọ́n sábà máa ń lò, bíi PEEK. Nínú ayédèrú, ẹ kò lè mọ ohun tí wọ́n lò, mo sì ti rí èyí tó rọ̀ bí àbẹ́là lẹ́yìn tí wọ́n jó kọ́ìlì lórí rẹ̀ nígbà bíi mẹ́rin.

Ẹ yẹ pínnì yìí wò kí ohunkóhun mìíràn tó wáyé. Ẹ yí atomizer dojú dé, kí ẹ fi etí káàdì báńkì lélẹ̀ lórí pínnì, kí ẹ sì gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ là kọjá láàárín káàdì àti etí irin tó yí pínnì ká, ní ọ̀tún àti ní òsì. Tí káàdì bá sùn pẹrẹsẹ lórí irin náà, pínnì kò yọ tó, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ gbé irú rẹ̀ sórí mech mod láéláé, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní hybrid, níbi tí orí bátìrì ti ń kan ìdí atomizer tààrà. Bí pínnì kò bá yọ níbẹ̀, orí bátìrì yóò kan ara irin, pọ́sítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù yóò pàdé, bátìrì náà yóò sì tú gbogbo agbára rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ọwọ́ yín tàbí ní ẹ̀bá ojú yín. Ojúlówó pàápàá wà tí wọn kò ṣe pínnì rẹ̀ fún hybrid, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ ńlá sọ yín di aláìbẹ̀rù.

Lẹ́yìn káàdì, mítà ló kàn, èyí tí àwọn oníná fi ń yẹ wáyà wò. Ti 10 pọ́n-ùn tó fún un. Nígbà tí kò tíì sí kọ́ìlì lórí rẹ̀, ẹ fi ẹnu mítà kan kan pínnì, kí ẹ fi èkejì kan ara atomizer: mítà kò gbọdọ̀ ka ohunkóhun, kò sì gbọdọ̀ dún. Tí ó bá dún, iná ti bíríìjì, ẹ dá ọjà padà fún ẹni tó tà á. Tí kọ́ìlì bá ti wà níbẹ̀, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò. Nísinsìnyí ó gbọ́dọ̀ ka iye tí ẹ ń retí, kí nọ́ḿbà náà sì dúró lójú kan bí ẹ tilẹ̀ ń fi ìka ti kọ́ìlì díẹ̀díẹ̀.

Ìyẹ̀wò kẹta ni gbogbo ènìyàn máa ń fò. Nínú ayédèrú púpọ̀, pínnì yìí ni síkúrù tó di gbogbo pẹpẹ kọ́ìlì mú, nítorí náà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fún síkúrù wáyà pọ̀, tàbí tí ẹ bá fi agbára yí atomizer mọ́ mod, pínnì lè máa yí padà wọlé díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ rí i. Àbúrò kan ní Woolwich gbé tirẹ̀ wá fún mi yẹ̀ wò lọ́jọ́ tó rà á, kò sì ní àbùkù kankan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó gbé e kúrò lórí mod oníṣàkóso, ó gbé e sórí mech mod tí ẹnìkan tà fún un, kò sì wo ìdí rẹ̀ mọ́ nítorí pé èmi ti wò ó. Kí ó tó gbé e dé ẹnu, mod náà ti gbóná débi pé kò lè dì í mú. Ó jù ú sínú ọgbà ẹ̀yìn ilé, ibẹ̀ ni bátìrì náà ti tú èéfín títí ó fi parí. Orí ló kó o yọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ pé gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá pààrọ̀ òwú ni kí ó fi káàdì wo pínnì, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá kò ní pa á.

Fífọ̀ rọrùn. Òróró ẹ̀rọ tí wọ́n fi gé irin máa ń ṣẹ́ kù sí ara atomizer tuntun, ti ayédèrú sì sábà máa ń pọ̀ jù. Omi gbígbóná, ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ti tó. Ẹ̀rọ ìfọ̀ olówó gọbọi tí àwọn kan ń pariwo rẹ̀, lójú tèmi, kò ṣe ju ohun tí ìgò onídèérí tí a gbọ̀n dáadáa lè ṣe lọ. Ayédèrú ni mo máa ń fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì máa ń pààrọ̀ gbogbo rọ́bà róbótó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí pé kò wọ́n.

Ní ti kọ́ìlì, ẹ lo wáyà Kanthal ìwọ̀n 28, kí ẹ wé e ní ìgbà mẹ́fà mọ́ irin ìlu tó fẹ̀ tó mílímítà 2.5, yóò sì fún yín ní nǹkan bí óòmù 1.1. Bátìrì tó kún wà ní fólítì 4.2, èyí tó túmọ̀ sí pé ampere, ìyẹn ìwọ̀n iná, tí kọ́ìlì yẹn ń fà kò tó 4. Ẹni tó bá sọ ọ́ di óòmù 0.2 ń béèrè ampere 21, bẹ́ẹ̀ ni Samsung 25R, tó jẹ́ bátìrì tí a fọkàn tán, kò ju 20 lọ. Ẹ jẹ́ kí kọ́ìlì pọ́n díẹ̀díẹ̀ lórí agbára kékeré, kí ẹ máa fi ẹ̀mú ẹlẹ́nu tánganran fún un pọ̀ títí yóò fi máa pọ́n láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹnìkan béèrè lọ́wọ́ mi bóyá òun lè lo wáyà bàbà tí àwọn oníná fi ń ṣiṣẹ́ ilé: rárá o, óòmù rẹ̀ kéré débi pé bíríìjì ni mod máa kà á sí.

Òwú ni ohun tó kẹ́yìn, òun náà sì ni wọ́n máa ń dá ayédèrú lẹ́bi fún láìṣẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wọ inú kọ́ìlì pẹ̀lú ìdíwọ́ díẹ̀, kí ìrù rẹ̀ sì bo ihò omi láìjẹ́ pé a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tí òwú bá kéré, omi yóò máa jò lára ojúlówó 100 pọ́n-ùn gẹ́gẹ́ bí yóò ṣe máa jò lára ti 15. Ẹ rọ omi sí i, ẹ dá a dúró sórí ìwé ìnuwọ́ ní ilé ìdáná, kí ẹ sì fi í síbẹ̀ sùn. Tí ìwé náà bá gbẹ títí di àárọ̀, ẹ lè gbé e jáde; tí ó bá rin, ẹ tún òwú ṣe kí ẹ tó kọ ìwé ẹ̀sùn sí ẹni tó tà á.