Bí mo ṣe ra asuráńsì fún iṣẹ́ jórinjórin mi ní Àjàṣẹ́

Iṣẹ́ jórinjórin ni mo ń ṣe ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi irin ṣe ilẹ̀kùn, fèrèsé àti igi òrùlé fún àwọn ará Wàǹdó àti agbègbè rẹ̀. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyí, asuráńsì ọkọ̀ nìkan ni mo mọ̀, nítorí pé ọlọ́pàá a máa béèrè ìwé rẹ̀ lójú pópó. Pé oníṣẹ́ ọwọ́ lè ra èyí tí yóò bá a san owó ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ bá bàjẹ́ fún ẹlòmíràn, n kò mọ̀ títí di ọjọ́ tí iná bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan.

Ilé alájà kan ni a ti ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ náà. Ọmọ iṣẹ́ mi tó dàgbà jù wà lókè, ó ń jó irin mọ́ fèrèsé, èmi sì wà nísàlẹ̀, mo ń wọn ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀ta iná kan tí kò tó hóró ọkà bàbà ta kọjá etí ògiri, ó gba ojú fèrèsé ìsàlẹ̀ wọlé, ó sì bà sórí tìmùtìmù tí ìyá aránṣọ máa ń jókòó lé. Kò gbiná lójú ẹsẹ̀. Èéfín tín-ín-rín tó ń rùn bí ọ̀rá ni a kọ́kọ́ rí, ṣùgbọ́n kí a tó gbé omi dé, iná ti ràn mọ́ ìdì aṣọ ẹbí tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ìgbéyàwó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ṣì ń rí léèsì kan tí wọ́n fà yọ nínú rẹ̀: ihò kéékèèké ti lu àyà rẹ̀ jálẹ̀, etí ihò kọ̀ọ̀kan ti yọ́, ó sì ti le bí èèpo ẹ̀pà. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi san gbèsè aṣọ náà.

Èrò mi nígbà náà ni pé ọmọ iṣẹ́ ni ó ṣe é, àánú ni mo sì ṣe tí mo fi san owó náà. Ìbátan mi kan ní Kétu, tó mọ ìwé òfin, ni ó là mí lóye. Ó ní abala 1384 nínú ìwé òfin tí wọ́n ń pè ní Code civil sọ ọ́ ní kedere pé ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ ni yóò dáhùn fún ohun tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ bá bàjẹ́ nígbà tó wà lábẹ́ àbójútó rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ni mo ní. Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Orúkọ asuráńsì tí mo ń wá ni responsabilité civile, ìyẹn dídáhùn fún ohun tí ènìyàn bá bàjẹ́ fún ẹlòmíràn, àwọn tó ń tà á a sì máa gé e kúrú sí RC. Iléeṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ kò pẹ́ kí wọ́n tó bá mi kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan béèrè ibi tí ṣọ́ọ̀bù mi wà, ó béèrè iye ènìyàn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ àti iye owó tó ń wọlé fún mi lọ́dún, ó gba nọ́ńbà owó orí mi, ìyẹn IFU, ó sì ní kí n padà wá lọ́jọ́ kẹta. Nígbà tí mo gbé ìwé náà délé, mo ní kí ọmọbìnrin mi tó wà ní lycée, ilé ẹ̀kọ́ girama, kà á fún mi ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó dé ibì kan, ó dákẹ́, ó ní: “Bàbá, ṣé inú ṣọ́ọ̀bù nìkan ni ẹ ti ń jó irin ni?” Ohun tí wọ́n kọ ni pé àwọn yóò san owó ohun tó bá bàjẹ́ nínú ilé tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù tèmi. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilé onílé ni mo ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi. Ká ní ìwé yìí wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí iná bọ́ sí ọ̀dọ̀ ìyá aránṣọ, n kì bá tí rí kọ́bọ̀ gbà lórí rẹ̀.

Mo fi ìwé náà sílẹ̀, mo lọ bá alágbàtà asuráńsì kan, obìnrin tí kò kánjú rárá. Ìbéèrè tirẹ̀ yàtọ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa ń gun orí òrùlé? Ṣé ẹ máa ń jó irin nínú ilé tí ènìyàn ń gbé? Ta ló ń di iná mú tí ẹ kò bá sí níbẹ̀?” Mo dáhùn gbogbo rẹ̀ bí ó ti rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé ìdáhùn mi yóò gbé owó náà sókè. Ó ṣàlàyé fún mi pé òfin CIMA, òfin asuráńsì tí Bẹ̀nẹ̀ àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà fọwọ́ sí ní Yaoundé lọ́jọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1992, ni ó ń darí asuráńsì wa. Lábẹ́ òfin yìí, ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ nípa iṣẹ́ rẹ̀ lè rí i pé ìwé rẹ̀ di asán, ẹni tó bá sì ṣe àṣìṣe láìní ètekéte lè rí i kí wọ́n dín owó tí ó yẹ kí wọ́n san kù.

Mo ní kí ó sọ ohun tí ìwé náà kò ní san fún mi kí ó tó sọ iye rẹ̀. Ó ní bí ilẹ̀kùn tí mo ṣe bá wọ́, èmi ni n ó tún un ṣe, asuráńsì kò ní bá mi dá sí i. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn náà bá wó lu ọkọ̀ ẹnìkan, ti ọkọ̀ náà ni wọn yóò san, bí a bá kọ jàǹbá tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí mo ti fi iṣẹ́ lé oníbàárà lọ́wọ́ mọ́ ìwé náà. Mo ní kí ó kọ ọ́ mọ́ ọn. Ẹrù oníbàárà tó wà níkàáwọ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀tọ̀ ni asuráńsì tirẹ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ mi fúnra rẹ̀ bá fara pa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ RC. Àwọn òṣìṣẹ́ tí mo ń san owó fún, CNSS, àjọ tó ń bójú tó ìrànwọ́ òṣìṣẹ́, ni mo gbọ́dọ̀ fi orúkọ wọn sílẹ̀ sí fún jàǹbá ẹnu iṣẹ́. Ní ti ẹni tó ń kọ́ ilé fún ẹlòmíràn, òfin ní kí ó dáhùn fún ilé náà títí di ọdún mẹ́wàá, èyí tí wọ́n ń pè ní décennale, ìwé mìíràn sì ni ìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ wá dórí franchise, ìyẹn iye tí èmi fúnra mi yóò kọ́kọ́ san lórí jàǹbá kọ̀ọ̀kan. Ó fi àpẹẹrẹ yé mi: bí franchise bá jẹ́ 50 000 owó CFA, tí ohun tó bàjẹ́ sì jẹ́ 300 000, 250 000 ni iléeṣẹ́ náà yóò san. Bí ó bá pọ̀, owó ọdọọdún á dín kù. Mo yan èyí tí mo lè mú jáde láìyá owó.

Ohun tó ṣòro jù fún mi ni ọ̀rọ̀ ẹ̀bi. Ìwé náà ní kí n má ṣe fọwọ́ sí ìwé kankan tó sọ pé ẹ̀bi mi ni láìjẹ́ pé iléeṣẹ́ náà mọ̀ sí i. Ní àárín tiwa, bí ohun ẹni bá bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni, ìdọ̀bálẹ̀ àti ẹ̀bẹ̀ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, n kò sì lè dúró gbagidi níwájú ìyá ènìyàn kí n máa sọ̀rọ̀ bí agbẹjọ́rò. Alágbàtà náà ní kò sí ẹni tó ní kí n má bẹ̀bẹ̀. Mo lè bẹ̀bẹ̀, mo lè pa iná, mo lè sọ ohun tí ojú mi rí bó ti ṣẹlẹ̀, nítorí pé òfin fúnra rẹ̀ kò ka sísọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí gbígba ẹ̀bi. Iye owó àti ìfọwọ́sí nìkan ni kí n fi sílẹ̀ fún wọn. Kí n sì fi tó wọn létí kíákíá: òfin kò gbà kí ìwé fún ènìyàn ní ọjọ́ tó dín sí ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, ṣùgbọ́n alágbàtà náà ní kí n pè lọ́jọ́ náà gan-an.

Láti ọdún 2011 ni òfin ti fi lélẹ̀ pé ẹni tí kò bá tíì sanwó, asuráńsì rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà mo san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí n tó gba ìwé ẹ̀rí. Kò tó owó ilẹ̀kùn ńlá kan tí mo ń ṣe fún ẹnu ọ̀nà ọkọ̀. Iléeṣẹ́ náà tún fi àwọn nǹkan kan dè mí nítorí iná: ohun èlò ìpaná gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, a gbọ́dọ̀ kó ohun tó lè gbiná kúrò tàbí kí a bò ó, a sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ ibẹ̀ fún wákàtí méjì lẹ́yìn tí a bá ti jó irin tán.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a ṣe lẹ́yìn rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Àjàrá. A jó irin tán ní aago mẹ́rin, àwọn ọmọ ti di ẹrù, onílé sì ń wò wá bí ẹni tí kò mọ ohun tí a tún ń dúró dè. Mo fi ìwé náà hàn án. A jókòó lábẹ́ igi máńgòrò rẹ̀ títí di aago mẹ́fà, ọmọ iṣẹ́ tó dàgbà jù sì ń dìde nígbà gbogbo lọ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri àti pákó tó wà lẹ́yìn fèrèsé, bóyá ó ṣì gbóná.