Àmì ìyọkúrò kan jẹ máàkì mẹ́fà mi

Máàkì mẹ́fà ni mo pàdánù lórí ìbéèrè kan ṣoṣo, inú sì bí mi débi pé oorun ò kùn mí. Ìbéèrè náà ò le: 2x² − 6x + 3 = 0, wá àwọn gbòǹgbò rẹ̀, ìyẹn iye x tó máa jẹ́ kó di òdo, kí o sì sọ irú gbòǹgbò tí wọ́n jẹ́. Mo kọ ọ́ gàdàgbà pé kò ní gbòǹgbò gidi kankan. Wọ́n fi bírò pupa fa ìlà gbọọrọ sórí rẹ̀, wọn ò sọ ìdí.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo jókòó tì í. Pé a, b àti c, ìyẹn nọ́ńbà iwájú x², ti iwájú x àti èyí tó dá dúró, jẹ́ 2, −6 àti 3, ta ni ìyẹn máa ṣì lọ́nà? Fọ́múlà tí a fi ń wá x, x = (−b ± √(b² − 4ac))/2a, mo lè kà á lójú oorun. Mo tún b² − 4ac, iye tó wà lábẹ́ àmì √, tẹ̀ sórí ẹ̀rọ ìṣirò, ó ní −60. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ̀ ẹ́, −60 ló ń pè. Bí iye yẹn bá sì ti kéré sí òdo, kò sí gbòǹgbò gidi. Mo ti ń to ẹjọ́ tí mo máa bá olùkọ́ rò.

Ìbínú ló jẹ́ kí n fi nọ́ńbà dán an wò, kì í ṣe ọgbọ́n. Mo fi 0 sí ipò x, ó di 3. Mo fi 1 síbẹ̀, ó di −1. Ẹnu mi wọ̀. Ohun tó wà lókè òdo, tó wá bọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀, ó ní láti gba orí òdo kọjá. Gbòǹgbò kan wà láàárín 0 àti 1, dandan ni. A jẹ́ pé irọ́ ni −60.

Wákàtí kan àbọ̀ ni mo fi wá ẹni tó ń purọ́. Fọ́múlà pé. 4 × 2 × 3, 24 ni. Ó ku b². Mo tẹ =-6^2 sínú Excel, ó ní 36. Mo tẹ −6² sórí ẹ̀rọ ìṣirò, ó ní −36. Ìbéèrè kan náà, ẹ̀rọ méjì ń bára wọn jiyàn! Díẹ̀ ló kù kí n sọ ọ̀kan mọ́ ògiri. Àṣé ẹ̀rọ ìṣirò mi máa ń kọ́kọ́ sọ 6 di 36, kó tó lẹ àmì ìyọkúrò mọ́ ọn níwájú. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nínú ìwé ìṣirò náà nìyẹn, Excel ló ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. (−6)² ni mo ní lọ́kàn, n kò sì fi àkámọ́ sí i. Èyí tó dùn mí jù ni pé b² kì í lọ sísàlẹ̀ òdo láé; ká ní mo wo òun nìkan lẹ́ẹ̀kan péré, mi ò bá ti rí i. Al-Khwarizmi tó kọ̀wé lórí irú ìṣirò yìí ní Baghdad ní ọ̀rúndún kẹsàn-án pín àwọn ìdọ́gba rẹ̀ sí oríṣi mẹ́fà, kí nọ́ńbà òdì má baà yọjú. Mo jowú rẹ̀ lóru yẹn.

Mo fi àkámọ́ sí i, 36 − 24 di 12. Ìyókù ò gba ìṣẹ́jú méjì: x = (3 ± √3)/2, ìyẹn nǹkan bíi 2.366 àti 0.634. Mo rò wọ́n pọ̀, 3, bí −b/a ṣe wí gẹ́lẹ́. Mo sọ wọ́n dipúpọ̀, 1.5, bí c/a ṣe wí. Èmi nìkan ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá.

12 ju òdo lọ, nítorí náà gbòǹgbò gidi méjì tó yàtọ̀ síra ni. Má dúró síbẹ̀ o, máàkì tún ń jábọ́ níbẹ̀. Kò sí nọ́ńbà odidi tí a ó sọ dipúpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ tí yóò fún wa ní 12, torí náà gbòǹgbò méjèèjì ò ṣeé kọ bí ìdá tó jẹ́ nọ́ńbà odidi lórí nọ́ńbà odidi. Sọ ìyẹn náà.

Ní báyìí, bí b bá ti ní àmì ìyọkúrò, ọwọ́ ni mo fi ń ṣírò b², n kì í gbé e fún ẹ̀rọ. Mo sì máa ń fi 0 àti 1 dán an wò kí n tó sọ pé gbòǹgbò ò sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí àmì ìdáhùn méjèèjì bá jọra, ìyẹn ò tíì fi nǹkan kan hàn. Wọn ò dá máàkì mẹ́fà yẹn padà fún mi.