Bí Mo Ṣe Fi R Ṣẹ̀dá AR(1) Tí Phi Rẹ̀ Fẹ́rẹ̀ẹ́ Tó 1

Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ohun tí ìdánwò Dickey–Fuller (tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá unit root wà) ń ṣe nígbà tí time series, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tó ń tẹ̀ lé ara wọn ní àsìkò, kò ní unit root (ìyẹn ni pé phi rẹ̀ kò jẹ́ 1 gan-an), àmọ́ tó sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Inú dátà gidi, kò sẹ́ni tó mọ iye tí phi (nọ́ńbà tó ń sọ bí tòní ṣe rọ̀ mọ́ tàná tó) jẹ́ ní ti tòótọ́, nítorí náà àfi kí n fọwọ́ ara mi ṣẹ̀dá rẹ̀.

Òfin AR(1), irú time series tí mo lò, kò le: ẹ fi phi lọ́po nọ́ńbà àná, kí ẹ ro ariwo tuntun mọ́ ọn, ó di tòní. Ariwo Normal ni mo lò, ìpíndọ́gba 0, variance (bí àwọn nọ́ńbà ṣe fọ́nká tó) 1. Bí phi bá jẹ́ 0.5, ìgbésẹ̀ kan péré ni ipá ariwo kan fi ń ku ìdajì. Ní 0.99, ó di ìgbésẹ̀ 69. Ní 0.999, ó di 693! Ohun tí kì í tètè gbàgbé báyìí, ibi tí èèyàn bá ti mú un gbéra ò ní tètè kúrò lára rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ kóòdù ló máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 0, tí wọ́n á sì ju 100 àkọ́kọ́ nù. Ṣé ìyẹn tó? Mo ṣírò rẹ̀. Variance tó yẹ kí AR(1) ní ni 1 tí a fi 1 − phi² pín: 50.25 fún 0.99, 500.25 fún 0.999. Lẹ́yìn ìgbésẹ̀ 100 láti orí 0, phi 0.99 ti kó nǹkan bí ìdá 87 nínú 100 variance yẹn jọ. Ìyẹn ṣì ṣeé gbà. Ti 0.999 kò ju ìdá 18 lọ.

Ẹni tó ṣe arima.sim, irinṣẹ́ tó ń ṣẹ̀dá time series inú R (èdè kọ̀ǹpútà fún ìṣirò dátà), ronú sí èyí. Bí ẹ kò bá sọ iye tó máa jù nù, òun fúnra rẹ̀ á wo bí phi ṣe sún mọ́ 1 tó, á sì ju nǹkan bí 600 nù fún 0.99, nǹkan bí 6,000 fún 0.999. Ẹ fún un ní 1 gan-an, á kọ̀ jálẹ̀ pé kì í ṣe stationary, ìyẹn ni pé variance rẹ̀ kò dúró sójú kan. (Fún ìyẹn, cumsum(rnorm(n)), tó kàn ń ro ariwo jọ, ti tó.)

Èmi ò ju nǹkan kan nù ní tèmi (n ni iye nọ́ńbà tí mo fẹ́):

n <- 100; phi <- 0.99
x <- numeric(n)
x[1] <- rnorm(1, sd = 1/sqrt(1 - phi^2))
for (t in 2:n) x[t] <- phi*x[t-1] + rnorm(1)

Ìlà kẹta ni ọba wọn. Variance ti pé láti orí nọ́ńbà àkọ́kọ́.

AR(2), tó ń lo nọ́ńbà méjì tó ṣáájú, gba ìṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá fẹ́ kí àwọn root rẹ̀ (àwọn nọ́ńbà méjì tó ń ṣe iṣẹ́ phi níbẹ̀) jẹ́ 0.99 àti 0.98, àwọn iye tí a máa kọ ni 1.97 àti −0.9702. Ẹ gé èkejì kù sí −0.97 kó lè rẹwà lójú, unit root gidi lẹ ṣẹ̀dá yẹn, nítorí 1.97 − 0.97 jẹ́ 1. Ìdí nìyí tí mo fi ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣírò wọn láti ara root.

Nígbà tí mo wá fi lm (irinṣẹ́ R tó ń wá ìlà tó bá dátà mu jù) wá phi láti inú ọ̀pọ̀ x bẹ́ẹ̀, ìpíndọ́gba wọn bọ́ sí àyíká 0.95. Kì í ṣe kóòdù ló bàjẹ́. Láti ọdún 1954 ni Kendall, onímọ̀ statistics, ti fi hàn pé phi tí a bá wá báyìí máa ń fi nǹkan bí (1 + 3phi)/n rẹlẹ̀, tó jẹ́ 0.04 níbí. Ìdánwò Dickey–Fuller ńkọ́? Ààlà rẹ̀ fún n = 100 jẹ́ −2.89 ní ìdá 5 nínú 100, díẹ̀ báyìí nínú àwọn x náà ló sì ré e kọjá sísàlẹ̀, tí ìdánwò náà fi sọ pé kò sí unit root. Ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran ju ìgbà tí phi jẹ́ 1 gan-an lọ.

Mo kọ́kọ́ rò pé kí n sọ n di 1,000, kí n gbé phi sí 0.999. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ phi gẹ́gẹ́ bí 1 + c/n, bí Phillips, onímọ̀ econometrics, ṣe ṣe é ní 1987, c méjèèjì jẹ́ −1, èsì wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Torí náà, c ni mo kọ sí orí tábìlì mi, mo sì jẹ́ kí phi máa tẹ̀ lé n.