Bí Mo Ṣe Kọ Ìwé Ìtàn Àròsọ Mi, Tí Mo Sì Tẹ̀ Ẹ́ Jáde ní Abẹ́òkúta

Ìdájí ni mo fi kọ ọ́. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ọ̀bàntókò, ọmọ méjì ló wà lọ́rùn mi, kò sì sí ìgbà tí ilé wa máa ń dákẹ́ àfi láti aago mẹ́rin ààbọ̀ sí aago mẹ́fà àárọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2021. Oṣù karùn-ún ọdún 2024 ni mo tó kọ gbólóhùn tó kẹ́yìn. Irú ìwé táwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ni mo kọ ọ́ sí, mọ́kànlá ló kún. Bí kò bá sí iná, màá gbé fóònù lé orí ife, màá tan tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sójú ìwé.

Ìtàn náà dá lórí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí wọ́n ń ṣe àdìrẹ ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ tó wà ní Abẹ́òkúta níbí. Mi ò wá a lọ jìnnà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló tọ́ mi láti ọmọ ọdún méje, Ìyá Ìtòkú ni gbogbo wa ń pè é. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, láfún ni wọ́n ń sè, yóò ki bí ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jiná. Wọn á ti ìyẹ́ adìẹ bọ̀ ọ́, wọn á fi ya ohun tó wù wọ́n sára aṣọ funfun. Ibi tí ẹ̀kọ bá dé, aró ò ní wọ ibẹ̀. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ní kékeré ni pé aṣọ kì í mú àwọ̀ aró jáde látinú ìkòkò. Bí ewé ló máa ń rí. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i lórí okùn, ojú rẹ ni yóò ṣe tí yóò fi di aró. Ibẹ̀ ni orí kìíní ìwé mi ti bẹ̀rẹ̀: ọmọbìnrin kan dúró ti okùn, ó ń wo aṣọ bó ṣe ń yí padà.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kọ orí kìíní yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ni mo ya á. Mo mọ̀ pé kò dáa, mi ò mọ ohun tó ṣe é. Ìgbà tí mo kà á sétí Ìyá Ìtòkú ni mo tó mọ̀. Ó ń ká aṣọ lọ́wọ́, kò tilẹ̀ wojú mi. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ta ló ń sọ̀rọ̀ yẹn? Ṣé rédíò ni?"

Òótọ́ ni. Èdè ìròyìn ni mo fi sẹ́nu obìnrin tó ń ta aṣọ. Mo kọ ọ́ pé, "Iye owó tí ẹ dá lé e kò tẹ́ mi lọ́rùn." Ta ní í sọ bẹ́ẹ̀ ní Ìtòkú? Láti Sátidé tó tẹ̀ lé e ni mo ti ń lọ jókòó ní ìsọ̀ wọn, tèmi ti ìwé pélébé kan. Ohun tí mo bá gbọ́ ni mò ń kọ: "Ẹ má bínú sí mi, ẹ tún un sọ." "Ẹ ò tíì nájà, màmá." "Ẹ bá mi wá nǹkan lé e." Nígbà tí mo padà sídìí orí kìíní, ó gbéra. Láti ìgbà náà, kò sí orí kan tí mi ò kà sókè kí n tó gbà pé ó ti tán. Níbi tí ahọ́n mi bá ti kọsẹ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, èyí ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín ju gbogbo ìyókù lọ: ẹ wá àgbàlagbà kan tí kò ní tàn yín, ẹ máa kà á sí i létí.

Bàbá mi ló fi Fágúnwà mọ̀ mí. Ìwé rẹ̀ tó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1938 wà nílé wa, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya lọ, bàbá mi a sì máa kà á fún wa lálẹ́. Òun ló jẹ́ kí n mọ̀ pé gbólóhùn Yorùbá lè gùn títí kó má sì já. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe to ìtàn tèmi, ọ̀dọ̀ Isaac Thomas ni mo ti kọ́ ọ. Láàárín 1929 sí 1930 ló ń gbé ìtàn Ṣẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, bí ẹni pé obìnrin kan tí àìsàn ti dá wó ló ń kọ lẹ́tà sí olóòtú. Lẹ́tà kan á tán, àwọn òǹkàwé á máa retí òmíràn. Èmi tí wákàtí kan ààbọ̀ péré wà lọ́wọ́ mi lójúmọ́, ọ̀nà yẹn bá mi lára mu. Mo gé ìtàn mi sí orí kéékèèké.

Ẹnì kan bi mí níbi iṣẹ́ pé ìwé mélòó ni mo kà tí mo fi fẹ́ máa kọ ìwé. Amos Tutùọlá ni mo rántí. Abẹ́òkúta níbí ni wọ́n ti bí i ní 1920, kò pẹ́ nílé-ìwé, ó sì ti ṣe iṣẹ́ mẹ́sẹ́ńjà ní Èkó kí wọ́n tó tẹ ìwé rẹ̀ ní London ní 1952. Mi ò dá ẹni náà lóhùn. Mo lọ sílé, mo lọ kọ̀wé.

Wàhálà mi tó ga jù kò sí nínú ìtàn o, inú àmì ohùn ló wà. Fóònù ni mo fi tẹ ìwé mọ́kànlá yẹn, torí Gboard, áàpù tí a fi ń tẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù, ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé kọ̀ǹpútà kì í ka "ọ̀" sí lẹ́tà kan ṣoṣo. Èyí tó ní àmì nísàlẹ̀ nìkan ní ààyè tirẹ̀, èyí tó ní àmì lórí nìkan náà ní tirẹ̀. Èyí tó ní méjèèjì kò ní, ńṣe ni kọ̀ǹpútà ń gbé àmì ohùn lé e lórí lọ́tọ̀. Fọ́ǹtì, ìyẹn irú ìrísí lẹ́tà, tí wọn kò ṣe fún irú rẹ̀ á gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó fi àpótí òfìfo dípò rẹ̀.

Ilé ìtẹ̀wé tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ yí fọ́ǹtì mi padà láìsọ fún mi. Àpótí kún ojú ìwé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tò ó bá ń pa wọ́n rẹ́, ó rò pé ìdọ̀tí ni. Prúùfù, ìyẹn ẹ̀dà àyẹ̀wò kí wọ́n tó tẹ ìwé gan-an, tó tẹ̀ mí lọ́wọ́ mọ́ tónítóní, mo tilẹ̀ yìn ín. Mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin nílé, mi ò rí nǹkan kan. Mo wá gbé e lọ sí Ìtòkú. Ọmọ ọmọ Ìyá Ìtòkú gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní òun náà fẹ́ kà. Nígbà tó dé ojú ewé 14, ó kà pé, "Ó po ẹ̀kọ́ sínú abọ́, ó ti ìyẹ́ bọ̀ ọ́."

Ìyá Ìtòkú gbójú sókè. "Ẹ̀kọ́ wo ni wọ́n ń pò?"

Mo gba ìwé náà padà. "Ẹkọ" ni wọ́n tẹ̀, kò sí àmì kankan lókè rẹ̀. Èmi tí mo kọ ọ́, ojú mi ti ń bá mi fi àmì sí i. Ọmọ tí kò mọ ìtàn náà rí ló ka ohun tó wà níbẹ̀. Àyà mi já. Bó ṣe rí káàkiri ìwé náà nìyẹn. Àtúnṣe ọ̀sẹ̀ méjì tí èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ti jọ ṣe, inú fáìlì tí wọ́n ti pa àmì rẹ̀ rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tiwọn nìkan ló wà, mo ní láti tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìlú tí Henry Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó, ti ń tẹ Ìwé Ìròyìn ní Yorùbá láti ọdún 1859 nìyí, tí àmì orí ọ̀rọ̀ wa ṣì ń di ìdọ̀tí lójú atẹ̀wé. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Nítorí náà, ẹ má gbé fáìlì tí wọ́n lè yí padà fún atẹ̀wé. Fọ́ǹtì Charis SIL ni mo lò nígbẹ̀yìn, ọ̀fẹ́ ni, ó sì gbé gbogbo àmì wa dáadáa. Gentium náà dára. Mo sọ ọ́ di PDF fúnra mi, pẹ̀lú fọ́ǹtì nínú rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹni tí kò mọ ìtàn yín ka prúùfù sókè.

Ìyókù kò le tó bẹ́ẹ̀. Mo gba ISBN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀, lọ́dọ̀ Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ ti Nàìjíríà. Ẹ̀dà mẹ́ta ni òfin ní kẹ́ ẹ fún wọn tí ìwé bá jáde. Ilé ìtẹ̀wé kejì sọ fún mi pé ojú ewé 16, 16 ni àwọn ń ká, pé ojú ewé 203 tèmi á di 208. Mo fi márùn-ún tó ṣẹ́ kù ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àwọn aláró: èlú, oníko, alábẹ́rẹ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀dà 300 ni mo tẹ̀. Wọ́n ní tí mo bá tẹ 1,000, iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan á wálẹ̀, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n yàrá méjì ni mo ń gbé.

Ìsọ̀ Ìyá Ìtòkú ni wọ́n ti ń tà jù. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ń kà á fún àwọn ìyá ọjà ní ọ̀sán Sátidé, nígbà tí oníbàárà ò bá pọ̀. Ojú ewé 61 ni wọ́n dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Obìnrin tó ń ta òwú níwájú wọn ti kìlọ̀ fún mi pé tí àbúrò bá fi lè fẹ́ ọkùnrin yẹn, òun ò ní gbà.