Bí mo ṣe kó ìwé Yorùbá wa kúrò nínú dúrọ́ọ̀ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì

Iṣẹ́ kátálọ́ọ̀gì ni mo ń ṣe ní ilé ìkàwé kan ní Yábà, n kò sì ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú kóòdù kọ̀ǹpútà títí di ọdún tó kọjá, nígbà tí àwọn ọ̀gá wa pinnu pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ ẹ̀ka wa gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí bí a ṣe ń ṣe ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni a ń ṣe é, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n gbà láti kọ́ wa kò ju àkọ́bí mi lọ lọ́jọ́ orí. Òun ń pè mí ní Mọ́mì, èmi náà sì ń pè é ní Tíṣà, mo sì ń fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì, nítorí ẹni tó bá ń kọ́ni níṣẹ́ ni ọ̀gá ẹni nídìí iṣẹ́ náà.

Ó ní kí olúkúlùkù wa mú iṣẹ́ kan tí ó ń ṣe lójoojúmọ́, kí ó sọ ọ́ di ojú ewé tí aráàlú lè lò. Mo mú pẹpẹ ìwé Yorùbá, ìyẹn 496.333, tí í ṣe ti èdè, àti 896.333, tí í ṣe ti lítíréṣọ̀, nínú ètò Dewey tí a fi ń to ìwé. Káàdì àwọn ìwé wọ̀nyí ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ onígi kan lẹ́yìn àga mi. Táípúráítà tí wọ́n fi tẹ̀ wọ́n kò ní àmì abẹ́ lẹ́tà, nítorí náà, ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́, tó ti fẹ̀yìn tì báyìí, a máa yọ káàdì kọ̀ọ̀kan kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, a sì fi báírò búlúù kán àmì sábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fi ìka ra ẹ̀yìn káàdì náà, ẹ ó mọ gbogbo ibi tí báírò ti tẹ̀ ẹ́ wọlé.

Mo kọ́kọ́ tẹ orúkọ ìwé, orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún àti nọ́ńbà pẹpẹ sínú Excel. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi tẹ igba káàdì, nítorí iná kì í dúró, mo sì fi wọ́n pamọ́ gẹ́gẹ́ bíi CSV, ìyẹn fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí a ń fi kọ́mà pín. Nígbà tí mo ṣí fáìlì náà lọ́jọ́ kejì, “Àṣà” ti di “À?à”, “ẹsẹ” sì ti di “?s?”. Ohun tó ṣe mí ní kàyéfì ni pé à, é àti ò kò sọ nù. Tíṣà ṣàlàyé pé CSV lásán tí mo yàn ń lo àkójọ lẹ́tà àtijọ́ kan tí wọ́n ṣe fún èdè àwọn ará ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù. Níwọ̀n bí Faransé ti ń lo à àti é, tiwa rí ọ̀nà wọlé lábẹ́ òjìji tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ, ọ àti ṣ kò ní ẹni tí yóò mú wọn wọlé. Bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ti ń kọ àmì sábẹ́ àwọn lẹ́tà wọ̀nyí kí ìjọ CMS tó pe ìpàdé lórí àkọtọ́ Yorùbá ní Èkó níbí ní 1875!

Àmì ìbéèrè kò ṣe é yí padà sí lẹ́tà, nítorí pé lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di ohun kan náà. Mo tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo yan “CSV UTF-8”, èyí tó gba lẹ́tà tiwa náà, nígbà tí mo fẹ́ fi í pamọ́, mo sì kọ ọ́ sórí ìwé pélébé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà.

HTML fúnra rẹ̀, ìyẹn kóòdù tí a fi ń to ohun inú ojú ewé, kò fún mi ní wàhálà. Ẹni tó bá ti kọ káàdì ìwé rí mọ̀ pé ohun kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀, a kì í kọ orúkọ òǹkọ̀wé síbi tí ọdún yẹ kí ó wà. Mo fi <html lang="yo"> ṣáájú, mo fi <meta charset="utf-8"> tẹ̀lé e, mo sì ṣe tábìlì sísàlẹ̀. Ní ti CSS, tí a fi ń ṣe ojú ewé lọ́ṣọ̀ọ́, mo fi ọ̀sán kan ṣòfò lórí àwọ̀, kí n tó padà sí dúdú lórí funfun.

Ìgbà tó kan títò ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀. Tíṣà fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, sort, to gbogbo orúkọ ìwé náà, ó sì yíjú sí mi tẹ̀ríntẹ̀rín pé, “Mọ́mì, ó ti parí.” Mo wo ojú kọ̀ǹpútà, mo ní, “Tíṣà, ẹ má bínú, ibo ni ẹ ti kọ́ ábídí?” Lẹ́yìn ìwé tó fi Y bẹ̀rẹ̀ ni À àti È wá wà, Ṣ tẹ̀lé wọn, Ẹ tẹ̀lé Ṣ, Ọ sì kẹ́yìn pátápátá. “Àṣà” wá ń tọ “Yorùbá” lẹ́yìn bí ẹni tó pẹ́ dé òde.

Nọ́ńbà tí wọ́n fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni kọ̀ǹpútà ń wò, kò wo ábídí. E jẹ́ 69, F jẹ́ 70, Y jẹ́ 89. Ṣùgbọ́n À jẹ́ 192, Ṣ jẹ́ 7778, Ẹ jẹ́ 7864, Ọ sì jẹ́ 7884. Mo fa dúrọ́ọ̀ mi yọ, mo gbé e ka orí tábìlì, mo sì fi bí ìyá yẹn ṣe to káàdì hàn án: Ẹ wà láàárín E àti F, Ọ tẹ̀lé O, gbogbo GB sì dúró lẹ́yìn G tó kẹ́yìn. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ṣómólú yìí kò mọ̀ pé lẹ́tà kan ni GB; ó ní òun rò pé G àti B ló ń rìn pọ̀.

A wá kọ lẹ́tà 25 ábídí Yorùbá tẹ̀léra sínú JavaScript, kóòdù tó ń mú ojú ewé ṣiṣẹ́, a ní kí ó fi àṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní normalize tú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́, kí ó yọ àmì dò àti àmì mí kúrò, kí ó fi àmì abẹ́ sílẹ̀, kí ó sì wá fi ipò àwọn lẹ́tà wéra. Àṣìṣe wa àkọ́kọ́ ni pé a yọ gbogbo àmì tí nọ́ńbà wọn bẹ̀rẹ̀ láti U+0300 dé U+036F, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣe, a kò rántí pé U+0323, tí í ṣe àmì abẹ́ lẹ́tà, wà láàárín wọn. Ni Ọ bá tún di O, tí ọkọ́ àti oko sì dàpọ̀. Nígbà tí a sọ pé U+0300 àti U+0301, ìyẹn àmì dò àti àmì mí, nìkan ni kí ó mú, ìyẹn yanjú. GB ló gbà wá lákòókò jù, nítorí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ yọjú wo lẹ́tà tó ń bọ̀ kí ó tó mọ̀ bóyá G lásán ni.

Lórí wíwá ìwé, èmi àti Tíṣà kò gbà fún ara wa bọ̀rọ̀. Ó fẹ́ kí a yọ gbogbo àmì dànù, nítorí pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi àmì sí ohun tí wọ́n bá tẹ̀ lórí fóònù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá farabalẹ̀ tẹ “ọkọ̀” kò yẹ kí a kó ìwé oko àti ìwé ọkọ fún un pọ̀. A fẹnu kò pé ohun tó bá dọ́gba pátápátá, àmì àti gbogbo rẹ̀, ni kí ó ṣáájú, kí èyí tó jọ ọ́ tẹ̀lé e.

Ìtàkùrọ̀sọ yìí ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí bàbá kan tó máa ń wá ka ìwé ìròyìn lọ́dọ̀ wa wá dán an wò. Wọ́n tẹ “ewe” láìsí àmì, ìwé ewé àti egbò jáde, ìwé orin èwe náà sì jáde. Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n ní, “Ìyá, ṣé orin ọmọdé náà ti di oògùn ibà ni?” Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo fi ẹ̀ka ìwé kún tábìlì náà lọ́jọ́ kejì, kí èèyàn lè mọ èyí tí í ṣe ti oògùn àti èyí tí í ṣe ti orin kí ó tó dìde lọ síbi pẹpẹ. Káàdì inú dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ ni n kò tíì kàn. Ogún ni mo ń tẹ̀ lọ́sẹ̀.